Orúkọ Ewé àti Ojú Òdòdó: Lámèyítọ́ Ìwé Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ewé ilẹ̀ wa dáadáa kò lè yẹ ìwé méjì sílẹ̀. Èkíní ni Éwé: le verbe et le pouvoir des plantes chez les Yoruba, tí Pierre Fatumbi Verger kọ, tí ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Faransé jáde ní Paris ní ọdún 1997, ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹ̀dà èdè Potogí ti jáde ní Bràsíl. Èkejì ni Flore analytique du Bénin, tí A. Akoègninou, W. J. van der Burg àti L. J. G. van der Maesen ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 2006. Àwọn tó ń ka èkíní kì í sábà ṣí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ka èkejì. Ohun tó sì bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, a ó sì fi ẹbí òdòdó méjì ṣe àpẹẹrẹ: èyí tí àwọn Faransé ń pe àwọn kan nínú rẹ̀ ní marguerite, àti èyí tí wọ́n ń pè ní campanule, ìyẹn agogo kékeré.

Iṣẹ́ Verger tóbi, a kò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó gba ọ̀rọ̀ àwọn babaláwo bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó kọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Lójú rẹ̀, orúkọ ewé kì í ṣe àlẹ̀mọ́ lásán: ọ̀rọ̀-ìṣe tó fara pamọ́ sínú orúkọ náà ni ọfọ̀ máa ń pè jáde, kí ewé lè ṣiṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tó dàgbà sí ìdí ìyá àgbà tó ń lọ ewé yóò mọ̀ pé òtítọ́ ni ọkùnrin yìí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ewé tẹ́lẹ̀ ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Ó fún wa ní orúkọ Yorùbá, ó fún wa ní orúkọ Látìn. Kò fi ojú ewé náà hàn wá tó bí a ó fi dá a mọ̀ láàárín koríko.

Flore ní tirẹ̀ ka irú ewéko 2807, ó sì fi ìbéèrè tẹ̀lé ìbéèrè mú òǹkàwé dé ibi tó ń lọ. Ìṣòro rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè dáhùn ìbéèrè kan nípa ẹbí marguerite, ó gbọ́dọ̀ mọ capitule, ligule, pappus àti akène. A kọ́ ọ ní Faransé láti kékeré, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹ́ àjèjì sí i. Àwa náà kò tíì fún un ní ti Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí kò jìnnà sí wa. Ní Titirou níbí, bí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, etí ọ̀nà á kún fún Tridax procumbens, òdòdó kékeré tó dá dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, tí àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí etí rẹ̀ sì funfun. Ọmọdé á já a, á pè é ní òdòdó kan. Kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òdòdó ni, tí wọ́n jókòó pọ̀ bí ọlọ́jà lábẹ́ igi kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹbí náà ní Composées nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí a pe àpapọ̀ yìí ní orí òdòdó. Kí a pe àwọn tó wà láàárín ní fèrè, nítorí wọ́n rí kọ̀ǹgbà bí fèrè. Kí a pe àwọn tó nà síta létí ní ahọ́n, nítorí ahọ́n kékeré ni ligule náà túmọ̀ sí ní Látìn. Bí a bá ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ìlẹ̀kùn ti ṣí. Tridax ní fèrè láàárín àti ahọ́n létí. Ewúro kò ní ahọ́n rárá, fèrè nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni imí-eṣú. Ahọ́n ni gbogbo orí yánrin látòkè délẹ̀, bí a bá sì ṣẹ́ ẹ, oje funfun bíi wàrà á jáde lára rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ojú àwọn baba wa kò ríran. Ẹ wo abẹ́rẹ́ olóko, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bidens pilosa. Abẹ́rẹ́ tí orúkọ yìí ń sọ ni ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta tó wà lórí èso rẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àgbẹ̀. Ẹ̀gún yìí gan-an sì ni pappus tí ìwé ń béèrè. Orúkọ kan ṣoṣo ti ṣe iṣẹ́ ìlà mẹ́ta nínú ìwé. A kò rí irú rẹ̀ nínú ewúro, nítorí ẹnu ló sọ ewúro lórúkọ, kì í ṣe ojú. Àwọn onímọ̀ náà kò sì fẹnu kò lórí tirẹ̀: Vernonia amygdalina ni a kọ́ nílé ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọ ọ́ di Gymnanthemum. Orúkọ tiwa kò yí padà.

Ẹbí agogo ló tún ń fi ewu hàn. Ọ̀pọ̀ irú nínú ẹbí yìí ní oje funfun, òdòdó wọn sì sábà máa ń rí bí agogo. Ẹni tó bá fi àmì méjì yìí nìkan ṣe ìdánimọ̀ lè na ọwọ́ sí laurier jaune tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà ilé: òdòdó rẹ̀ rí bí agogo, oje funfun ń sun lára rẹ̀, hóró èso rẹ̀ sì lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Kò bá ẹbí agogo tan. Níbi tí ilé èso wà ni ìyàtọ̀ wà. Nínú ẹbí agogo, ìsàlẹ̀ ibi tí òdòdó ti ya ni ó sábà máa ń wú sí; nínú laurier jaune, inú òdòdó ni ó jókòó sí. Flore lè kọ́ wa ní èyí. Éwé kò lè kọ́ wa, kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀.

Ewu kan tún wà nínú ẹbí marguerite fúnra rẹ̀. Imí-eṣú, Ageratum conyzoides, wà lára ewé tí a fi ń ṣe oògùn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní ẹkùn Tigray ní Ethiopia, àwọn olùwádìí so àrùn ẹ̀dọ̀ kan tó ń pa àwọn ará abúlé mọ́ hóró rẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ọkà tí wọ́n ń jẹ. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ «imí-eṣú» sínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ láìsọ bí orí òdòdó náà ti rí, kò tíì sọ ewé wo ló rí, nítorí orúkọ ewé ń yí padà láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Ṣábẹ dé Parakou.

Èyí ni àléébù tí a rí nínú ìwé méjèèjì: Verger pọ́n orúkọ lé, kò fi ojú hàn; Flore fi ojú hàn, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tí ará Titirou lè fi kà á sókè fún ìyá rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí, fèrè àti ahọ́n, pẹ̀lú àwòrán ewé ogún péré tó ń hù létí ọ̀nà wa, tí yóò kọ orúkọ Nàgó, ti Baatonu àti ti Dẹ́ńdí sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wúlò fún wa ju àtúntẹ̀ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lọ. Yánrin ni kí wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí kò sí ilé tí wọn kì í ti í sè é.