Gígún àti Ìfarahàn: Adápítà Shift Lórí Kámẹ́rà Kékeré ní Jíbówú

Àyè ò gba ayàwòrán ilé ní Jíbówú, l'Ékòó. Láti abẹ́ afárá títí dé Fádéyí, òpópónà Ìkòròdú gba iwájú, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò lọ sí Onítṣà àti Ẹ̀nugù gba ẹ̀gbẹ́, ọlọ́jà gba ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ilé alájà méjì níbẹ̀ kò rí ibi tó máa sún sẹ́yìn sí. Á gbé ojú kámẹ́rà sókè kí òrùlé lè wọlé, ibẹ̀ gan-an ni ògiri á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn tì: ìsàlẹ̀ á fẹ̀, òkè á fún, bí ẹni pé bíríkìlà tó kọ́ ọ kò ní okùn ìwọ̀n lọ́wọ́.

Ohun tó ń fà á kò ju ìdúró sẹ́ńsọ̀ lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá nàró bí ògiri ṣe nàró, ìlà tó nàró lára ilé á nàró nínú fọ́tò. Àwọn tó ń lo kámẹ́rà onígi ńlá láyé àtijọ́ mọ èyí: wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀yìn kámẹ́rà dúró gbọnrangandan, wọ́n á wá gbé lẹ́ǹsì nìkan sókè. Nikon gbé irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ wá sórí kámẹ́rà kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Canon ṣe tirẹ̀ ní 1973. TS-E 17mm tí Canon gbé jáde ní 2009 ṣì ń wu àwọn ayàwòrán ilé títí di òní, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọmọdé.

Adápítà shift gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mìlímítà 46.5 ló wà láàrin ẹnu lẹ́ǹsì àti fíìmù nínú kámẹ́rà Nikon àtijọ́, 19.25 péré ló wà nínú kámẹ́rà mirrorless Micro Four Thirds. Inú àlàfo tó ṣẹ́ kù yìí ni adápítà ń gbé, àyè ibẹ̀ sì tó láti fi irin méjì tó ń yọ̀ lórí ara wọn sí. Lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún fíìmù 36 × 24 ń da ìmọ́lẹ̀ róbótó tí ìdábùú rẹ̀ tó mìlímítà 43. Sẹ́ńsọ̀ kékeré tó jẹ́ 17.3 × 13 kò lò ju àárín rẹ̀ lọ, nítorí náà lẹ́ǹsì lè lọ sókè ní mìlímítà 13, odidi gíga sẹ́ńsọ̀ náà, kí igun fọ́tò tó ṣókùnkùn. Lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C, tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó tó 10. Kámẹ́rà full frame, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù yẹn, tó fi irú lẹ́ǹsì kan náà ṣiṣẹ́ kò rí nǹkan kan gbé sókè. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín ló jẹ àǹfààní yìí tán.

Ìnàró tí à ń wá yìí kì í ṣe tuntun lójú Yorùbá. Nígbà tí Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà, tẹ àròkọ rẹ̀ lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère jáde ní 1973, gígún àti ìfarahàn wà lára àwọn òṣùwọ̀n tó gbọ́ lẹ́nu wọn: kí ère dúró ṣánṣán, kí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sì hàn ketekete. Stephen Sprague náà kọ̀wé ní 1978 lórí fọ́tò àwọn àgbàlagbà Yorùbá, níbi tí olówó fọ́tò ti kọjú síwájú, tó jókòó ṣinṣin, tó gbé ọwọ́ lé itan. Ojú yìí náà la fi ń wo ilé. Ilé bàbá ẹni kò gbọdọ̀ wọ́ nínú fọ́tò. Ẹjọ́ tí mo ń bá àwọn tó ń lo adápítà yìí rò ni pé wọ́n ń fi ìfarahàn ra gígún, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ti sanwó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká mú lẹ́ǹsì 14mm, tí ojú rẹ̀ lórí Micro Four Thirds fẹ̀ tó ti 28mm lórí full frame. Ká ní a fẹ̀yìn ti ògiri ní ẹ̀gbẹ́ kejì àdúgbò tóóró kan, mítà 9 sí ilé tó ga ní mítà 10, kámẹ́rà wà ní mítà kan ààbọ̀ sókè ilẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìbú, tí a kò gbé lẹ́ǹsì rárá, ojú rẹ̀ kò ní kọjá mítà 5.7 lára ògiri: ó bẹ́ ilé lórí. Gbé lẹ́ǹsì sókè ní mìlímítà 8, òrùlé wọlé, ojú ọ̀run díẹ̀ tún kún un. Wá wo ìsàlẹ̀. Láti nǹkan bí mítà 2.5 sókè ni fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ti lọ, àtẹ oníbúrẹ́dì ti lọ, gọ́tà pẹ̀lú pákó tí wọ́n fi dábùú rẹ̀ ti lọ. Ilé náà dúró bí ọba lójú òfìfo.

Ìsàlẹ̀ yẹn sì ni ìtàn ilé náà. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku ni ìjọba dá LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, sílẹ̀ ní 1928, àwọn ló sì gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ní Yábàá, tí Jíbówú wà nínú rẹ̀. Àyè tí wọ́n ní kí onílé fi sílẹ̀ níwájú ti di ilé ìtajà ní ibi púpọ̀. Fọ́tò tó gé e kúrò ti sọ̀rọ̀ nípa ilé kan tí kò sí mọ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ẹ dá kámẹ́rà dúró ní òòró, ẹ yí adápítà tẹ̀lé e, ẹ gbé lẹ́ǹsì ní mìlímítà 5 péré. Òkè fọ́tò á dé mítà 10.3, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì mú nǹkan bíi mítà 3 nínú ilẹ̀ tó wà níwájú ògiri, ti òun ti àtẹ oníbúrẹ́dì. Ẹ̀gbẹ́ ló máa dín kù, láti mítà 11 sí 8 ó lé díẹ̀. Èmi á fara mọ́ ọn kí ilé aládùúgbò sọ nù ju kí ẹnu ọ̀nà sọ nù lọ.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi irin ṣe nígbà tí kọ̀ǹpútà lè na ògiri. Ó lè nà án lóòótọ́, á sì gé lára ẹ̀gbẹ́ fọ́tò sọnù. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé gíga ilé sí fífẹ̀ rẹ̀ di ohun tí kọ̀ǹpútà ń fojú bù. Àbá kejì lágbára jù: kéèyàn gbé lẹ́ǹsì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ gan-an dúró déédéé, kó wá gé ohun tí kò fẹ́. Ẹni tó ní kámẹ́rà Rolleiflex lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé igun mẹ́rin ọgbọọgba ni fọ́tò rẹ̀. Rolleiflex sì ni ayàwòrán Pierre Verger gbé rin ilẹ̀ wa, ẹni tí fọ́tò tó yà nípa ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bràsílì padà wálé, wà nínú ìwé Marianno Carneiro da Cunha tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985. Lórí kámẹ́rà kékeré, 7mm tí a gé báyìí á fúnni ní ohun tí 14mm tí a gbé ní mìlímítà 6.5 ń fúnni gẹ́lẹ́. Àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù lọ́wọ́: píksẹ́lì mílíọ̀nù 20 di mílíọ̀nù 5. Ìyẹn tó fún ojú fóònù. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ ka ìlà ara fèrèsé.

Ó sì yẹ kí ẹnì kan lè kà á. Ilé àwọn Fernandez ní Tinúbú, Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, ni wọ́n wó ní oṣù kẹsàn-án 2016. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fọ́tò nìkan ló kù tí a lè fi téèpù sí. Bí sẹ́ńsọ̀ bá kọjú sí ògiri tààrà, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ohun kan lára ògiri náà ti mọ ti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan tí wọn ò rẹ́ sìmẹ́ǹtì bò, 450 × 225, tó bẹ̀rẹ̀. Bákónì tó yọ síta kò sí nínú ìṣirò yìí, torí ó sún mọ́ kámẹ́rà ju ògiri lọ.

Irin lásán ni adápítà náà ṣá. Kò sí wáyà nínú rẹ̀, ọwọ́ la ó fi wá fókọ́ọ̀sì. Lẹ́ǹsì Canon EF á ṣí sílẹ̀ gbayawu torí iná ló ń pa ojú rẹ̀ dé; èyí ló jẹ́ kí Nikkor àtijọ́ tó ní òrùka lára dára jù fún iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 24mm rẹ̀ á di 48mm, tí kò lè mú ilé kankan tán ní àdúgbò tóóró. Ẹni tó bá wá lọ ra Samyang 14mm á rí fífẹ̀ tó ń wá, á sì bá ìlà tó ń rú bí omi pàdé. Kọ̀ǹpútà ní àtúnṣe tó ti wà nílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà gbà pé àárín lẹ́ǹsì ni àárín fọ́tò. Shift ti gbé àárín yẹn kúrò níbẹ̀. Kí ayàwòrán kọ iye mìlímítà tó gbé lẹ́ǹsì sílẹ̀ lórí ìdúró, fọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, torí kámẹ́rà kò ní bá a kọ ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ fi fọ́tò náà wọn fèrèsé lọ́jọ́ iwájú á béèrè rẹ̀.