Bọ́ọ̀dù Tó Háwọ́: Lámèyítọ́ lórí Fífi Eré Kún Prọ́sẹ́sọ̀ Àtijọ́

Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ AMD kó àwọn ọ̀jáfáfá jọ, wọ́n ń da helium olómi lé prọ́sẹ́sọ̀ FX-8150 lórí kí ooru má baà jó o, wọ́n sì mú un sáré dé 8.429 GHz. Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ṣe irú rẹ̀ rí. N kò ní sọ pé àwọn tó ṣe é kò mọṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ irú bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, tìtorí iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe gbé e jáde: gbogbo ohun tí ọwọ́ lè yí ni wọ́n ti tò síta fún ẹni tó bá fẹ́ yí i. Bí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní overclock ti jinlẹ̀ tó, ibòmíràn ló yẹ ká wò. Ká wo prọ́sẹ́sọ̀ tí ọjà ti gbàgbé, lórí bọ́ọ̀dù tí ẹni tó ṣe é ti pinnu pé ẹni tó rà á kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Níbẹ̀, owó àti òtútù kò lè gbani, àfi kéèyàn mọ ẹ̀rọ náà kà.

Ohun tí wọ́n ń yí kò pọ̀. Nọ́ńbà méjì ló ń bí eré prọ́sẹ́sọ̀: aago tí bọ́ọ̀dù ń lù fún un, àti ìlọ́po tó wà nínú prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Fi èkíní lọ́nà èkejì, o ti rí iye tí wọ́n kọ sára páálí. Bọ́ọ̀dù tó lawọ́ á jẹ́ kéèyàn wọ inú BIOS lọ yí aago náà díẹ̀díẹ̀, kó sì bu iná kún iná prọ́sẹ́sọ̀ nígbà tí eré bá fẹ́ dá a dúbúlẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó háwọ́ kò ní irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ rárá. Á jẹ́ kí o tún ọjọ́ àti àsìkò ṣe, kí o yan ibi tí Windows yóò ti gbéra, ó parí.

Celeron 300A ni àpẹẹrẹ tó kọ́kọ́ ń bọ́ sẹ́nu gbogbo ẹni tó mọ ìtàn iṣẹ́ yìí. Oṣù kẹjọ ọdún 1998 ni Intel gbé e jáde, olówó pọ́ọ́kú ni. Aago rẹ̀ jẹ́ 66 MHz, ìlọ́po rẹ̀ 4.5, àpapọ̀ rẹ̀ 300 MHz. Ìlọ́po yìí, wọ́n ti tì í pa. Àlàyé wọn ni pé àwọn oníjìbìtì ń pa nọ́ńbà ara prọ́sẹ́sọ̀ rẹ́, wọ́n ń tẹ èyí tó ga jù ú lọ sí i, wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi. Òótọ́ ni pé irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ wà nígbà náà. Òótọ́ tún ni pé títì yẹn bo ọjà Pentium II lábòò, èyí tó wọ́n ju Celeron lọ. Aago nìkan ló wá kù tí èèyàn lè yí. Ẹni tó ní bọ́ọ̀dù Abit BH6 ń jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń ti inú BIOS yí i. Ẹni tó ní bọ́ọ̀dù tí kò gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi lẹ́nu prọ́sẹ́sọ̀ ní láti ronú síwájú sí i. Lára káàdì prọ́sẹ́sọ̀ náà, ojú góòlù kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ B21, òun ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù mọ̀ pé prọ́sẹ́sọ̀ 66 ló dé. Wọ́n gé sẹ́lótéèpù tín-ínrín bò ó, àwọn mìíràn fi kútẹ́ẹ̀sì tí obìnrin fi ń kun èékánná kùn ún. Bọ́ọ̀dù kò gbọ́ ohunkóhun láti ojú yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìgbọ́ nǹkan kan yẹn gan-an ni àmì prọ́sẹ́sọ̀ 100 MHz. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà 4.5 jẹ́ 450 MHz.

Iye yẹn ni wọ́n máa ń yìn. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ farapamọ́ ju ìyẹn lọ. Aago bọ́ọ̀dù kì í ṣe ti prọ́sẹ́sọ̀ nìkan; nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bù fún PCI, níbi tí díìsìkì àti káàdì ohùn ń gbà wọlé. PCI fẹ́ 33 MHz, kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí aago bá jẹ́ 66, bọ́ọ̀dù á pín in sí méjì. Bó bá jẹ́ 100, ṣíìpù 440BX tó wà lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ á pín in sí mẹ́ta. Méjèèjì bọ́ sí 33 lójú kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀rù bà, tí wọ́n dúró sí 83, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n sì bá ara wọn lórí 41.5, níbi tí díìsìkì ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìsọkúsọ sínú fáìlì onínǹkan. Ẹni tó fò dé 100 sáré ju ẹni tó rọra lọ sí 83, ọkàn rẹ̀ sì tún balẹ̀ jù ú lọ. N kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ti léwu tó báyìí. Ẹni tó fi sẹ́lótéèpù bo B21 kò tilẹ̀ lè ṣe àṣìṣe yẹn, torí pé ọ̀nà tó lọ sí 83 kò ṣí fún un. Bọ́ọ̀dù tó háwọ́ sí i ló gbà á lọ́wọ́ ewu.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, irú ọgbọ́n yìí tún yọjú, lórí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ọ́fíìsì òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó wọ kọ̀ńténà: Dell OptiPlex, HP Compaq àti irú wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ra ẹgbẹ̀rún kan wọn lẹ́ẹ̀kan kò fẹ́ kí akọ̀wé kankan máa fọwọ́ kan aago, BIOS wọn sì háwọ́ láti ilé. OptiPlex 755 ti ọdún 2007 wà lára wọn. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ aago 200, 266 àti 333 MHz, àmọ́ prọ́sẹ́sọ̀ ló ń sọ èyí tí wọn yóò lò. Gbé Pentium E2160 ka iwájú: 200 lọ́nà 9, 1.8 GHz. Gbé Core 2 Duo E6600 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 266 lọ́nà 9, 2.4 GHz. Ìlọ́po wọn dọ́gba. Dọ́là 84 ni iye tí Intel fi lé èkíní nígbà tó jáde, dọ́là 316 ni ti èkejì. Ìran kan náà ni wọ́n, àyàfi pé ìrántí inú E2160 jẹ́ 1 MB, ti E6600 sì jẹ́ 4 MB. Ẹni tó bá ka àtẹ yìí dáadáa ti rí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe kó tó mú ohun èlò kankan dání.

Ojú mẹ́ta lábẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n fi ń sọ aago: BSEL0, BSEL1, BSEL2. Èyí tí wọ́n so mọ́ ground rẹlẹ̀, èyí tí wọn kò so, ó ga. Fún 266, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rẹlẹ̀. Fún 333, BSEL2 nìkan ló ga, nítorí náà ẹni tó ní E6300 kàn lè fi téèpù bo ojú kan ṣoṣo, kí 1.86 GHz rẹ̀ di 2.33. Ti E2160 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún 200, BSEL1 ló ga, a sì ní láti fà á wálẹ̀, ìyẹn ni pé a ó fi ọ̀dà tó ń gba iná so ó mọ́ ojú ground tó wà nítòsí, ní ibi tí àlàfo ojú kan sí èkejì kò ju bí mìlímítà kan lọ. Bíbò gba sùúrù. Síso gba ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Bọ́ọ̀dù mìíràn á gbà, òmíràn á kọ̀ láti gbéra, a kò sì lè bá a jiyàn.

Ẹ wo ohun tí oníṣẹ́ yìí kò ní. Láti inú BIOS, kò lè fi iná kún iná. Kò lè gbé aago sí 210 wò kó sì padà sí 205. Yálà 200 ni, yálà 266. Ọwọ́ rẹ̀ kan ohun méjì péré: prọ́sẹ́sọ̀ tó yàn, àti bó ṣe ka ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ayò, ihò méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni. A kì í yin ọ̀ta fún pé ó gbẹ́ ihò kún ọpọ́n. Lójú mi, bọ́ọ̀dù tó kún fún ohun yíyí ń gbẹ́ ihò kún ọpọ́n, ó ń jẹ́ kí ìgbìyànjú rọ́pò ìmọ̀. Èèyàn á yí i títí yóò fi kú, á dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, á pe èyí tó kù ní àṣeyọrí, láìmọ ìdí kan tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kí ìfẹ́ ìhámọ́ má sọ wá di aláìmọ̀. Ìdènà tó wà lórí iṣẹ́ yìí kì í ṣe irú kan, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ yóò sì jìyà rẹ̀. Èyí tí ọjà gbé kalẹ̀ wà, irú èyí tó jẹ́ kí ohun tó lè sáré dé 2.4 máa wọ aṣọ 1.8, ìyẹn la lè fi téèpù dá lóhùn. Ti ìṣẹ̀dá náà wà. Ooru tí prọ́sẹ́sọ̀ ń mú jáde nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ń bá eré rẹ̀ lọ ní dọ́gbadọ́gba, àmọ́ iye fọ́ltéèjì lọ́nà ara rẹ̀ ló ń bá lọ. Tí eré bá fi ìdá mẹ́ta kan pọ̀ sí i tí fọ́ltéèjì kò yí, ooru náà á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan pọ̀. Tí a bá tún wá fi ìdá mẹ́wàá kan kún fọ́ltéèjì, ooru á tún fi ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bọ́ọ̀dù tó kọ̀ láti jẹ́ kí o bu iná kún un, ṣé ọ̀tá rẹ ni àbí alágbàtọ́ rẹ? Nígbà púpọ̀, apá bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó ń pín iná fún prọ́sẹ́sọ̀ kò ní irin atooru (heatsink) kankan lórí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti E2160 àti E6600, wátì 65 kan náà ni Intel kọ sí ara àwọn méjèèjì, bọ́ọ̀dù tó bá lè gbé èkejì kò ní rojọ́ nípa èkíní.

Afẹ́fẹ́ yàrá tún wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ láti Jámánì tàbí Kánádà, inú yàrá tó tutù ni wọ́n ti kọ ọ́. Fáànù kì í mú prọ́sẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Bí èyí tó wà lórí rẹ̀ bá ń jẹ́ kó fi 35°C ju yàrá lọ, 55 ni yóò jẹ́ nínú yàrá 20°C, 68 ni yóò sì jẹ́ ní Èkó lọ́sàn-án oṣù kẹta, nígbà tí wọ́n ti mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Eruku ọyẹ́ tó dí irin atooru ò tíì sí nínú ìṣirò yẹn.

Kí wá ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà dára? Pé Windows gbéra kò tó nǹkan kan. Prime95, tí George Woltman ṣe fún wíwá nọ́ńbà àkọ́kọ́ (prime) ńláńlá, ló di adájọ́ iṣẹ́ yìí, torí pé ó mọ ìdáhùn ìṣirò tó ń gbé fún prọ́sẹ́sọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí èsì bá fi bíńtín yàtọ̀, á dúró, á sì wí i. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó kú lójú wa. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ, tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣi ìṣirò ṣe, ni. Ìdí rèé tí mo fi ka ẹni tó gbé irú ẹ̀rọ yìí ta ní ọjà láìsọ fún oníbàárà sí ọmọ ìyá àwọn tó ń pa nọ́ńbà Pentium rẹ́ láyé ọjọ́un.

Ọ̀nà sọ́fítíwià náà wà. SetFSB, láti Japan, ń bá ṣíìpù tó ń lu aago lórí bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ tààrà nígbà tí Windows ti gbéra, láìbá BIOS fà á. Èèyàn á kọ́kọ́ tú kọ̀ǹpútà, á wá ṣíìpù náà, á ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Àwọn tó ṣe ṣíìpù náà wá fi ìdè kan sí i, TME, bọ́ọ̀dù tó bá sì ti dè é ti parí ọ̀rọ̀. Mo ka ọ̀nà yìí sí èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀: ó ń tàn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà láàyè, ó ń parẹ́ nígbà tí wọ́n bá pa á.

Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ìlò nìkan là ń sọ, rárá. SSD tí a fi rọ́pò díìsìkì àtijọ́ á mú ìyípadà bá OptiPlex ju ìdá mẹ́ta kan eré prọ́sẹ́sọ̀ lọ, kódà fún ẹni tí kò mọ ohun tí BSEL ń jẹ́. Eré kò sì lè kọ́ prọ́sẹ́sọ̀ ní ohun tí kò mọ̀: Windows 11 ẹ̀dà 24H2 ń béèrè fún POPCNT àti SSE4.2, E2160 kò ní èyíkéyìí nínú wọn, bó bá tilẹ̀ sáré dé ọ̀run. Ẹni tó ń pe iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà ìfowópamọ́ lónìí ń fi ọ̀rọ̀ bo ìdùnnú rẹ̀ lójú ni. Ìdùnnú náà kò nílò àwíjàre.

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Intel fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilẹ̀kùn dé. Nínú Sandy Bridge, wọ́n kó aago gbogbo nǹkan sábẹ́ 100 MHz kan ṣoṣo. Yí i ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, SATA àti PCIe á bá a dàrú. Ìlọ́po wá di ti ẹni tó ra prọ́sẹ́sọ̀ tó ní K lẹ́yìn orúkọ, lórí bọ́ọ̀dù tó bá a mu. Àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ṣáà ń yọ́ ilẹ̀kùn náà ṣí. Ní 2014, wọ́n jẹ́ kí Pentium G3258 sáré lórí H81 tó yẹ kó háwọ́. Ní ìparí 2015, ASRock bẹ̀rẹ̀ sí í gbé BIOS tó ń yí aago Skylake tí kò ní K jáde; kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó jìnnà, wọ́n ti kó o kúrò nílẹ̀. Ní 2022, àwọn bọ́ọ̀dù B660 kan tún dé pẹ̀lú ṣíìpù aago tiwọn, tí wọ́n fi ń gbé prọ́sẹ́sọ̀ títìpa kọjá ààlà rẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ wọ́n nígbà náà débi pé ẹni tó lówó rẹ̀ lọ́wọ́ lè fi owó náà ra bọ́ọ̀dù tí kò gbówó lórí, kó sì fi èyí tó kù ra prọ́sẹ́sọ̀ tó ga ju tiẹ̀ lọ.