Àrokò Lórí Káńtà: Bí A Ṣe Ń Béèrè Oúnjẹ Nílé Rámẹ̀n

Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ rámẹ̀n, nóódù inú omitoro ti Jàpáànì, inú abọ́ lojú wọn máa ń wà. Wọn á yin omitoro, wọn á yin ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ti jinná dénú, wọn á yin ẹyin sísè tí pupa inú rẹ̀ kò tíì dì. Fíìmù Tampopo tí Juzo Itami gbé jáde ní 1985, níbi tí àgbàlagbà kan ti ń kọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan bí wọ́n ṣe ń jẹ rámẹ̀n, kò yà kúrò lójú ọ̀nà yìí: ẹni tó ti rí abọ́ níwájú ara rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí abọ́ tó dé kì í sábà jẹ alámèyítọ́ lógún. Ó yẹ kó jẹ wá lógún, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ilé oúnjẹ yìí fara sin sí jù. Èrò mi ni pé ìbéèrè oúnjẹ nílé rámẹ̀n ní Jàpáànì jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí a fi ọ̀rọ̀ ṣe, tó sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná bí ẹni ń ṣọ́ owó ná. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò lè yí oúnjẹ padà ni wọ́n ti mú kúrò lẹ́nu. Èyí tó lè yí i padà ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní àkókò tirẹ̀ pàtó.

Nóódù ló fà á. Ẹni tó jẹ́ pé Indomie nìkan ló mọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìran ohun tí Momofuku Ando ṣe ní 1958 ni Indomie, nígbà tó din nóódù sísè nínú òróró títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, kí ó lè dúró de ẹni tí yóò jẹ ẹ́ fún oṣù púpọ̀. Nóódù ilé rámẹ̀n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyẹ̀fun àlìkámà, omi àti iyọ̀ ni, pẹ̀lú kansui, ìbátan káún tí àwọn ìyá wa ń fi sí ewédú. Kansui yìí ló ń fún un ní àwọ̀ ìyeyè, tó sì ń jẹ́ kó máa fà lẹ́nu. Bí ó bá ti bọ́ sínú omitoro gbígbóná, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún nìyẹn, ó ń wú, ó ń rọ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan sì tó láti bà á jẹ́. Ní Nagahama, nílùú Fukuoka, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọjà ẹja ti ń jẹun tìkánjútìkánjú, wọ́n wá ojútùú sí i: nóódù tín-ín-rín tí kì í lò tó ìṣẹ́jú kan lórí iná, ìwọ̀nba rẹ̀ nínú abọ́, àti àṣà kaedama, pé kí èèyàn jẹ ti àkọ́kọ́, kí ó fi omitoro sílẹ̀, kí ó sì pe òmíràn sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pè kì í dúró kí nóódù inú abọ́ tán pátápátá; ó ń pè é nígbà tó bá ku bí òkèlè kan tàbí méjì, kí tuntun lè bá omitoro nígbà tó ṣì gbóná. Ọ̀rọ̀ náà ní àkókò tirẹ̀ bí ìrun.

Ẹnu ọ̀nà ni àlejò ti máa ń kọsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé rámẹ̀n, kò sí ẹni tí yóò wá bi ọ́ pé kí lo fẹ́ jẹ. Ẹ̀rọ kan ló dúró síbẹ̀, tó kún fún bọ́tìnnì láti òkè délẹ̀. O fi owó sí i, o tẹ ohun tí o fẹ́, ìwé pélébé kan já bọ́. Wọn kì í to àwọn bọ́tìnnì náà bó ṣe wù wọ́n ṣáá: igun òkè lápá òsì ni ilé oúnjẹ sábà máa ń fi èyí tó fi ń yangàn sí, nítorí náà ojú ẹ̀rọ pàápàá ń gba ẹni tí kò mọ nǹkan kan nímọ̀ràn. Oníbàárà á wá jókòó, á fi ìwé náà lé orí káńtà níwájú ara rẹ̀. Àrokò ni mo kà á sí. Àwọn baba ńlá wa so owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ka iye wọn àti bí wọ́n ṣe kọjú síra, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń wí láìsí pé ẹnikẹ́ni lanu. Ìwé pélébé yìí ń sọ ohun tí a fẹ́ jẹ, ó ń sọ pé a ti sanwó, ibi tó wà lórí káńtà sì ń sọ ẹni tó ni ín. Alásè, tó lè jẹ́ òun nìkan tàbí òun àti ọmọ iṣẹ́ kan, á fi ìṣẹ́jú àáyá kan wò ó, ojú rẹ̀ á sì padà sórí ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan owó, ṣéńjì kò dí i lọ́wọ́ nígbà tí nóódù wà lórí iná. Ìgbà yìí ló tó béèrè ohun tí bọ́tìnnì kò lè gbọ́: báwo ni kó ṣe le tó? Ní Fukuoka, kata ni èyí tó le, barikata le jù ú lọ, konaotoshi sì ni èyí tí wọ́n kàn rì bọ omi láti gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ dànù.

Àpẹẹrẹ tó lágbára jù ni ti Ramen Jiro, tó bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo ní 1968, tí ilé rẹ̀ àgbà wà ní Mita lẹ́bàá Yunifásítì Keio. Níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ti sọ bí abọ́ ṣe máa tóbi tó. Oníbàárà á dákẹ́, á máa retí. Nígbà tí nóódù bá ti wọ abọ́, tó ku kí alásè bu ẹ̀fọ́ lé e, á yíjú sí i, á ní: “Ninniku iremasu ka?” Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju “Ṣé kí n fi aáyù sí i?” lọ. Síbẹ̀ ohun mẹ́rin ló ń béèrè: ẹ̀fọ́, aáyù, ọ̀rá, àti bí omi sóyà ṣe máa pọ̀ tó. Ìdáhùn á já geere: “Yasai mashi, ninniku, abura.” Ẹ̀fọ́ púpọ̀, aáyù, ọ̀rá, ó parí. Irú ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ní “Ilé ńkọ́?” kò béèrè nípa bíríkì àti páànù, ìyàwó, ọmọ, ara àti iṣẹ́ ló kó sínú ọ̀rọ̀ méjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìkíni tiwa lè gùn, ti Jiro gbọ́dọ̀ parí kí nóódù tó wú. Bí o bá sọ ọ́ ṣáájú, etí alásè kò sí lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá pẹ́, ẹ̀fọ́ ti wà lórí abọ́.

Àwọn kan á ní ọ̀yàyà ti kú níbi tí èèyàn bá ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, pé bùkátérià wa sàn jù, níbi tí a ti ń pe olóúnjẹ ní Ìyá, tí a sì ń bẹ̀ ẹ́ kó fi díẹ̀ kún un. Mi ò rí i pé méjèèjì ta kora. Ní bùkátérià, ọbẹ̀ ti jinná láti àárọ̀. Iye ṣíbí àti irú ẹran ló kù láti pinnu, ẹnu ló sì ń pinnu rẹ̀. Nílé rámẹ̀n, iye àti irú ti parí lójú ẹ̀rọ. Líle nóódù àti ohun tó máa gun orí rẹ̀ ló kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè mú nǹkan yí ni àwọn méjèèjì fi í sí. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ilé rámẹ̀n Ichiran, tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn arìnrìn-àjò, ló kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n fi pákó pín káńtà sí àyè ẹlẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fún oníbàárà ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè adùn, ọ̀rá, aáyù, àlùbọ́sà eléwé àti líle nóódù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣe ẹni tí kò gbọ́ èdè lóore, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Àmọ́ níbi tí a bá ti dáhùn gbogbo ìbéèrè ṣáájú, àkókò ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìpè àti ìdáhùn ti di ìwé kíkọ.

Àtakò tó wúwo jùyẹn ni pé owó ló bí gbogbo rẹ̀: ẹ̀rọ ń dín òṣìṣẹ́ kù, ó ń jẹ́ kí àga tètè ṣófo fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń ta rámẹ̀n ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n ń pè ní ògiri 1,000 yen, iye tí oníbàárà kì í fẹ́ kọjá lórí abọ́ kan. Nígbà tí Jàpáànì gbé owó bébà tuntun jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, 2024, ìnira gidi ló jẹ́ fún àwọn ilé kéékèèké láti tún ẹ̀rọ wọn ṣe tàbí ra òmíràn. Ṣé ohun tí àìní bá bí kò lè jẹ́ ọnà ni? Ìkánjú àwọn ọlọ́jà ẹja ló bí kaedama, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò sì dín kù nítorí ìyẹn.

Ibi tí mi ò ti lè gbèjà àṣà yìí ni ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú ìkòkò. Tonkotsu, omitoro eegun ẹlẹ́dẹ̀, kì í fara pamọ́. Ṣùgbọ́n ilé tó ń ta omitoro adìẹ lè fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí i, ó lè gbé ẹran rẹ̀ lé e lórí, bọ́tìnnì kò sì ní sọ fún ọ. Mùsùlùmí, tàbí ẹni tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu, ti sanwó kó tó rí ẹni tí yóò bi. Àrokò ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀; ẹni tí kò sí nínú àdéhùn náà, ó yẹ kí wọ́n là á yé e. Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Asakusa ní Tokyo ni Kan'ichi Ozaki ti ṣí Rairaiken ní 1910, pẹ̀lú àwọn alásè ará Ṣáínà láti Yokohama, ilé tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé rámẹ̀n ní Jàpáànì. Ní Asakusa yìí kan náà lónìí, ilé rámẹ̀n halal wà, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, kí oníbàárà lè kà á láti ìta kó tó mú owó jáde.