Eérú Orí Pẹpẹ: Iṣẹ́ àti Ìpín Àwọn Ọmọ Áárónì nínú Bíbélì Yorùbá

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, Thomas King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, ó di dandan kí wọ́n wá orúkọ fún ọmọ Áárónì tí ń dúró nídìí pẹpẹ. Àwòrò, tàbí abọrẹ̀, wà nílẹ̀: ẹni tí ń bá ará ìlú bọ òrìṣà ni. Àlùfáà náà wà nílẹ̀: orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ń pe onímọ̀ kéwú wọn ni. Àlùfáà ni wọ́n mú. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìsìn tí wọ́n ń fẹ́ kí ènìyàn fi sílẹ̀ ni àwòrò dúró fún, àlùfáà sì ti di orúkọ ẹni tí ń sin Ọlọ́run kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan náà ni wòlíì, àdúrà àti ìwàásù gbà wọ inú Bíbélì.

Ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀nà sá fún ẹbọ. Ẹbọ sísun, ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹbọ àlàáfíà ni ó kún inú Léfítíkù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí ni pé iṣẹ́ àwòrò ni ìwé náà ń ṣàpèjúwe, orúkọ onímọ̀ ìwé ni ó sì ń pe òṣìṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò jọ ti oníwàásù. Ẹni tí ó mú màlúù wá fún ẹbọ sísun ni í pa á. Àlùfáà ni í gba ẹ̀jẹ̀, tí í fi wọ́n pẹpẹ, tí í to igi àti ẹran sórí iná tí kò gbọdọ̀ kú. Ní òwúrọ̀, òun náà ni í kó eérú. Yóò wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ kó o kúrò lórí pẹpẹ, yóò pààrọ̀ aṣọ, yóò sì gbé eérú lọ sí ẹ̀yìn ibùdó. Òun ni í yẹ ara adẹ́tẹ̀ wò, òun ni í jáde tọ̀ ọ́ lọ. Nínú èyí ni ìpín rẹ̀ ti wá: igẹ̀ àti itan ọ̀tún láti inú ẹbọ àlàáfíà, awọ ẹran ẹbọ sísun, àti àkàrà 12 tí a ń pààrọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan.

Oúnjẹ náà ní ẹrù nínú. Ní Léfítíkù orí 10, Mósè bínú sí àwọn ọmọ Áárónì nítorí pé wọn kò jẹ ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀. A fi í fún wọn kí wọ́n lè ru ẹ̀bi ìjọ ni. Ní orí 22, ẹni tí ó bá fi àìmọ́ súnmọ́ ohun mímọ́, a ó gé e kúrò. Númérì orí 18 kò fún wọn ní ilẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ Léfì ni ìdámẹ́wàá ń lọ. Ìdámẹ́wàá inú ìdámẹ́wàá ni ó ń kan àlùfáà.

Òótọ́ ni pé àlùfáà Mùsùlùmí náà ń jẹ nínú sàárà. Ṣùgbọ́n jíjẹ náà kò fi í ṣe ẹni tí ń ru ẹ̀bi olóore rẹ̀, kò sì sí ibi mímọ́ kan tí òun nìkan lè wọ̀. Ẹni tí ó mọ Àwòrò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó sì mọ ohun tí èèwọ̀ ń jẹ́ nínú ilé òrìṣà, kò nílò alálàyé fún orí 22. Èyí ni àdánù ìtumọ̀ náà, kò sì kéré. Níbi tí àlùfáà ti di oníwàásù, ìpín orí pẹpẹ a di owó iṣẹ́ ìwàásù. Lójú irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀, Númérì orí 18 di ìwé ẹ̀rí owó oṣù. Eérú àti àìnílẹ̀ bọ́ sọnù. Nínú Kọ́ríńtì Kínní orí 9, Pọ́ọ̀lù fi àwọn tí ń jẹ nídìí pẹpẹ ṣe àpẹẹrẹ, lẹ́yìn náà ni ó ní òun kò lo ẹ̀tọ́ náà. Apá kejì yìí kì í sábà dé orí àga ìwàásù.

Ní Kétu, ní Kòsọ́fẹ́, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ibẹ̀ ni olú-ilé Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá ní Nàìjíríà wà, ìjọ tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tò-Nófò ní 1947. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ òfìfo, tùràrí, pẹpẹ tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè dé: Léfítíkù hàn nínú gbogbo rẹ̀. Àbẹ́là àti èso ni olùjọ́sìn ń gbé wá, ọjà èso Kétu àti ọjà Máìlì 12 kò sì jìnnà. Síbẹ̀ olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n ń pe olórí ìjọ wọn ní àdúgbò, kì í ṣe àlùfáà. Wọ́n dá ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè lára padà, wọ́n fi orúkọ tí àwọn olùtúmọ̀ yàn sílẹ̀. Orúkọ tuntun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ nínú ìwé kan náà: ẹ̀sùn tí Ìsíkíẹ́lì orí 34 fi kan àwọn olùṣọ́ Ísírẹ́lì ni pé wọ́n ń jẹ ọ̀rá ẹran, wọ́n ń fi irun rẹ̀ bora, agbo kò sì rí bọ́.