Ta Ni Gbajúmọ̀? Àwọn Ìwé Ìròyìn Àtijọ́ àti Orúkọ Àwọn Ará Òṣogbo àti Iléṣà

Ó ti di àṣà láàrin àwa tí a ń ṣe ìwádìí lórí ìtàn ìlú pé bí a bá ti rí orúkọ ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, kíá ni a ó sọ pé gbajúmọ̀ ni ẹni náà ní ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ àṣà náà. Èrò wa ni pé ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ẹni tí yóò jẹ́ gbajúmọ̀, àti pé òṣùwọ̀n tí ó fi ń yàn án kì í bá ti ará ìlú mu nígbà gbogbo.

Àwọn ìwé tí a ní lọ́kàn ni Èkó Àkéte tí Adéoyè Dẹ́nígà dá sílẹ̀ ní 1922, Ẹlẹ́tí-Ọfẹ ti E. A. Akíntán ní 1923, Yoruba News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas ní 1928. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń jáde, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n. Olóòtú tí ó bá fẹ́ kí ìwé òun tà ní láti wá oníbàárà àti aṣojú lọ sí òkè. Láti inú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ìrìn-àjò ti wọ inú ìwé ìròyìn.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ìlànà ìtàn wọ̀nyí. Olóòtú á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á dárúkọ ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀, á dárúkọ ẹni tí ó gbà á sílé, á dúpẹ́, á sì tún bọ́ sọ́nà. Nígbà mìíràn orúkọ ènìyàn gba àyè nínú wọn ju ìlú lọ. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo láti 1907; ó kó akọ̀wé réluwéè, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òwò àti ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó wá síbẹ̀. Irú wọn, pẹ̀lú àwọn olùkọ́, ni ó mọ̀wé kà, àwọn ni ó sì lè gba olóòtú lálejò. A kò sọ pé irọ́ ni olóòtú pa. Ọpẹ́ ni ó ń dú. Àwa ni a sọ ọpẹ́ di ìkànìyàn.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Obìnrin aláró tí ó ní ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ènìyàn pàtàkì ni ládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà ìtàn ìrìn-àjò kò fi àyè sílẹ̀ fún un, àfi bí ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ akọ̀wé. (Bóyá òun ni ó se oúnjẹ tí àlejò jẹ!) Ẹ wo ìyàtọ̀: láàrin 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé alààyè ni obìnrin náà. Ẹni tí a fi ọgbọ́n inú dá ní ìtàn ìgbésí ayé tí ó di odindi ìwé.

Ní ti Iléṣà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, Òṣogbo ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ tàbí mọ́tò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò ni àwọn Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn. Àwọn òṣómàáló ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọn a sì sọ fún ajigbèsè pé ìlóṣòó ni àwọn yóò wà títí owó àwọn yóò fi pé. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ wọn ti jáde. Ajigbèsè ni ó sọ òṣómàáló lórúkọ. Àlejò ni ó sọ akọ̀wé Òṣogbo lórúkọ. Nígbà tí J. D. E. Abíọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Ọbòkun ní 1932, ọmọ ìlú ni ó ń yan ẹni ìtàn. Kí a má yìn ín jù ṣá: nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ààfin ni ó máa ń gba iwájú, ọjà a sì wà lẹ́yìn.

Ohun tí ó jọ èyí tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1962, nígbà tí Mbari Mbayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, òkìkí Susanne Wenger náà sì kàn. Iṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé àwọn àlejò nìkan yóò rò pé ọdún náà ni wọ́n tẹ Òṣogbo dó.

Nítorí náà, kí a tó fi orúkọ kan láti inú ìwé ìròyìn sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó gba olóòtú sílé, kí a sì gbé orúkọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkì ilé rẹ̀. Oríkì kò bìkítà bóyá ẹni náà mọ̀wé tàbí kò mọ̀. Ó ń pa ẹ̀yẹ mọ́, ó sì ń pa ẹ̀sín mọ́: ẹni tí ó ahun, ẹni tí ó jagun tí ó sá. Olóòtú tí ó tún fẹ́ wọ̀ sí ilé kan náà ní ọdún tí ń bọ̀ kò jẹ́ kọ irú rẹ̀.