Àmì Tí Ó Ní Ẹnu: Àyẹ̀wò Ìtumọ̀ Àmì Àṣẹ, láti Adé Ilé-Ifẹ̀ dé Asà Nàìjíríà

1.0 Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlàrè, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ńlá Ilé-Ifẹ̀, pé kí ni ìtumọ̀ àmì àṣẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí ó kà á sílẹ̀ bí ẹni ń ka òǹkà: idì dúró fún agbára, ẹṣin funfun méjì dúró fún iyì, asà dúdú dúró fún ilẹ̀ ọlọ́ràá, ìlà funfun tí ó ya ẹ̀ka dúró fún odò Ọya àti odò Bẹ́núé. Kò sí irọ́ nínú ìdáhùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọmọ kan náà léèrè nípa adé Ààrẹ tí Ọọ̀ni ń dé jáde nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, kò ní ka òǹkà. Ìtàn ni yóò bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ ẹni tí ó ni adé, ibi tí adé ti ṣẹ̀ wá, ọjọ́ tí wọ́n ń dé e, àti àwọn tí kò gbọdọ̀ fi orí kàn án.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. "Àmì àṣẹ" ni orúkọ tí a lò níhìn-ín fún àmì orí asà tí àwọn ìdílé ọlọ́lá, ìlú àti ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, èyí tí ìjọba Nàìjíríà náà gba irú rẹ̀, àti fún àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ọba tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nílẹ̀ Yorùbá. Èrò tí iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́ ni pé àmì àṣẹ kì í ṣe àwòrán tí a lè túmọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí a sì rò pé ó ti parí. Ohun méjì ni ó ń fún un ní ìtumọ̀: ẹ̀tọ́ ẹni tí ó gbé e, àti ẹnu tí ń pè é. Níbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti yẹ̀, àwòrán lásán ni yóò kù.

2.0 Ọ̀rọ̀ Ṣáájú Àwòrán: Àpẹẹrẹ Ilẹ̀ Yúróòpù

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá ni àmì orí asà bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ láàárín àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ òpìtàn so ó mọ́ àṣíborí irin. Nígbà tí irin bá ti bo ojú ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá, ohun tí wọ́n yà sára asà ni yóò sọ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àkíyèsí yìí ṣe pàtàkì, nítorí adé ńlá ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ń ṣíji bo ojú ọba. Ní ìhà méjèèjì, ojú ènìyàn ni ó kọ́kọ́ bò kí àmì tó sọ̀rọ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ àmì náà ni akéde. Níbi ìdíje ìjà orí ẹṣin, òun ni yóò pe orúkọ ẹni tí ń bọ̀ àti ìran rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ìjọ. Láti ara orúkọ iṣẹ́ akéde yìí gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fa orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀kọ́ nípa àmì orí asà. Ìyẹn ni pé nínú ẹnu ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó di ohun inú ìwé.

Ẹ̀rí kejì tún lágbára ju èyí lọ. Lábẹ́ òfin àmì orí asà, àwòrán kọ́ ni ojúlówó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àpèjúwe rẹ̀ ni ojúlówó. Àwọn akéde Gẹ̀ẹ́sì ní èdè tiwọn fún un, tí wọ́n jogún púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú èdè Faransé àtijọ́: gules ni pupa, azure ni búlúù, sable ni dúdú. Oníṣẹ́ ọnà kan lè ya kìnnìún tí ó sanra, òmíràn lè ya èyí tí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí àwòrán méjèèjì bá ti bá ọ̀rọ̀ náà mu, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́. Ọ̀rọ̀ ni ìyá, àwòrán ni ọmọ.

Àwọn àmì kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé ìró orúkọ ni wọ́n fi gbé wọn kalẹ̀. Ilé olódi ni àmì Castile ní ilẹ̀ Spéènì, nítorí orúkọ ilẹ̀ náà jẹ mọ́ ilé olódi. Kìnnìún ni àmì León, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ León kò ti ara kìnnìún wá rárá. Láti ara ọ̀rọ̀ Látìnì fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù ni ó ti ṣẹ̀. Ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó jọra tí kìnnìún fi gun orí asà. Ẹni tí ó bá túmọ̀ kìnnìún náà sí "ìgboyà" nìkan ti pàdánù àwàdà tí ó bí i.

Ní ti ẹ̀tọ́, wọn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọba Richard Kẹta ni ó fún àwọn akéde ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé àṣẹ ní 1484. Ní 1954, ìlú Manchester pe ilé eré kan lẹ́jọ́ pé ó ń lo àmì ìlú láìgba àṣẹ. Ilé-ẹjọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà kò tíì jókòó láti nǹkan bí igba ọdún ó lé, síbẹ̀ ó jókòó, ó sì dá ìlú láre. Kò sí ẹni tí ó bi ilé eré náà bóyá ó mọ ìtumọ̀ àwòrán náà. Ohun tí wọ́n bi í ni ẹni tí ó fún un.

3.0 Adé àti Ẹ̀tọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni ó dé iwájú Gómìnà Èkó, William MacGregor, ní ọdún 1903. Aáwọ̀ wà láàárín Akárìgbò ti Rẹ́mọ àti Ẹlẹ́pẹ lórí bóyá Ẹlẹ́pẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Gómìnà ní gbogbo agbára ìjọba lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ó ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìn-ín-ní, Ọọ̀ni sì rin ìrìn-àjò tí kò wọ́pọ̀ dé Èkó. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Ẹlẹ́pẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí adé náà, nítorí Ifẹ̀ kò fún un.

Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà Yorùbá fi ara balẹ̀ wo ẹjọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti kọ lórí adé dá lórí ohun tí ó wà lára rẹ̀. Robert Farris Thompson, nínú àròkọ tí ó kọ ní 1970, so ẹyẹ orí adé mọ́ agbára àwọn ìyá. Àwọn mìíràn ní òkín ni, nítorí òkín ni ọba ẹyẹ. Àríyànjiyàn náà wúlò, kò sì pọn dandan kí ọ̀kan pa ìkejì, nítorí ẹyẹ kan lè gbé ju ẹrù kan lọ. Ṣùgbọ́n ní 1903, níbi tí adé ti di ọ̀ràn ní tòótọ́, ìtumọ̀ ẹyẹ kọ́ ni ẹjọ́ náà dá lé. Ọ̀wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan náà tí ó jẹ́ adé lórí ẹni tí Ifẹ̀ fún, fìlà olówó iyebíye lásán ni lórí ẹni tí Ifẹ̀ kò fún. Èèwọ̀ tí ó ní kí ọba má ṣe wo inú adé ara rẹ̀ náà ń tọ́ka sí ibì kan náà: a kì í dé adé nítorí àtiwò ó.

Ìdà kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn lára ère idẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣàdédé hú jáde ní Ìta Yemòó ní 1957. Ère ọba ni. Adé wà lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ bo àyà rẹ̀, ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwo sì wà lọ́wọ́ òsì. Gbogbo àmì ni ó pé, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe àpèjúwe wọn fínnífínní. Síbẹ̀, orúkọ ọba náà ti sọnù. Àwọn tí ó mọ oríkì rẹ̀ ti lọ, ẹnu sì ti pa mọ́. Ohun tí ó kù jẹ́ ẹwà àti ọlá gbogboogbò: ọba ni, ṣùgbọ́n ọba wo? Àmì tí ó bá pẹ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ a máa di àlọ́ tí kò ní ìdáhùn.

4.0 Ẹnu: Àrokò àti Orílẹ̀

Yorùbá kò fìgbà kan ya ohun tí ojú ń rí nípa sí ohun tí ẹnu ń pè. Àrokò ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ní 1885, C. A. Gollmer tẹ àkọsílẹ̀ jáde ní London lórí irú àwọn iṣẹ́ báyìí tí wọ́n fi owó ẹyọ àti ohun mìíràn rán. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà mọ́ ẹni tí a rán an sí, nítorí ẹẹ́fà ní "fà" nínú. Mẹ́jọ ń sọ nípa jíjọ àti ìrẹ́pọ̀, nítorí ẹẹ́jọ ní "jọ" nínú. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá yóò rí owó, kò ní rí iṣẹ́. Ọ̀nà tí ẹẹ́fà gbà ń sọ̀rọ̀ yìí ni kìnnìún gbà dé orí asà León. Ilẹ̀ méjèèjì jìnnà síra, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò.

Orílẹ̀ ni ẹ̀rí kejì. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, to àwọn orílẹ̀ bí Erin àti Ọ̀pó, ó sì ṣàlàyé pé ohun tí ó ń fi ìran hàn ni wọ́n. Adébóyè Babalọlá fi ìwé odidi jì wọ́n ní 1967, Àwọn Oríkì Orílẹ̀. Ọmọ Ọ̀pómúléró kò nílò láti ya òpó sára ògiri. Bí wọ́n bá ti kì í, òpó ti dúró. Bí ọmọ asà ilẹ̀ Yúróòpù ti ń jogún kìnnìún baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ń jogún erin tàbí òpó. Ìyàtọ̀ ni pé nínú ohùn ni tirẹ̀ wà, ó sì ń mì orí olówó rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá gbọ́ ọ. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n sọ pé Yorùbá kò ní àmì àṣẹ bí ti òyìnbó wá a sí ibi tí kò sí. Ara ògiri ni wọ́n ń wò. Etí ni ó yẹ kí wọ́n lò.

5.0 Asà Nàìjíríà

Ṣáájú òmìnira, ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé onígun mẹ́fà tí adé ọba Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín rẹ̀ ni àmì Nàìjíríà. Ní 1960 ni asà dúdú rọ́pò rẹ̀, òfin sì dáàbò bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó láìgba àṣẹ. Ní ti ẹ̀tọ́, kò sí ohun tí ó kù. Ní ti ẹnu ni ìṣòro wà.

Òfin náà ṣe àpèjúwe asà ní èdè àwọn akéde Gẹ̀ẹ́sì: dúdú ni sable, funfun ni argent. Ìlà funfun tí ó jẹ́ odò méjì ni wọ́n pè ní pall, ọ̀rọ̀ tí ó ti ara aṣọ ọrùn àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà wá. Àkọlé tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fẹ̀ lójú ní 1978 láti ìṣọ̀kan àti ìgbàgbọ́ dé àlàáfíà àti ìlọsíwájú, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ẹnu tí a fún asà yìí kì í ṣe ẹnu àwọn tí ó ni ín. Àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sì wá dá kún un: wọ́n túmọ̀ àlàyé, wọn kò túmọ̀ ohùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni asà náà kò yadi fún ẹni tí ó bá fi etí Yorùbá wò ó. Ìlà funfun tí ìwé pè ní odò Náíjà ni Yorùbá ń pè ní Ọya. Aya Ṣàngó ni, òrìṣà ìjì, tí ìtàn sọ pé ó di odò. Kò sí ẹ̀rí pé èyí wà lọ́kàn àwọn tí ó gbé asà náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹṣin méjì tí ó gbé asà ró ni "iyì" nínú ìwé. Létí Yorùbá, ẹṣin tún ni òwe tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tí ó sọnù. Ẹyẹ pupa tí ó wà lókè pátápátá kò ṣàjèjì, nítorí ẹni tí ó ti rí adé mọ̀ pé òkè ni ipò ẹyẹ. Idì kì í ṣe òkín, ṣùgbọ́n ipò kan náà ni wọ́n wà: ohun kan wà tí ó ga ju orí tí ń ṣàkóso lọ.

Ẹnìkan lè takò pé Nàìjíríà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, àti pé àmì gbogboogbò gbọdọ̀ yadi kí ó lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àtakò náà wúwo. Ṣùgbọ́n ìyadi kọ́ ni ìdọ́gba, nítorí asà náà kò yadi ní ti gidi. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Kwara ni Hausa ń pe odò tí Yorùbá ń pè ní Ọya, Orimili ni Ìgbò ń pè é. Odò kan ni, orúkọ mẹ́ta. Bí a ti rí i nípa òfin àmì orí asà, àmì kan lè ní àwòrán púpọ̀ kí ó má sì pín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe lè ní ẹnu púpọ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé títo ìtumọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, bóyá fún asà tàbí fún adé, jẹ́ lámèyítọ́ tí kò kún tó. Ẹjọ́ 1903 àti ti 1954 fi hàn pé ẹ̀tọ́ ni ìpìlẹ̀ àmì àṣẹ. Iṣẹ́ akéde, àrokò àti orílẹ̀ fi hàn pé ẹnu ni ẹ̀mí rẹ̀. Ère Ìta Yemòó sì fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí ẹnu bá kú tí àmì ṣẹ́kù.

Ohun tí ó kù fún àwọn tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni láti dẹ́kun fífi àlàyé Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ohùn. Kí àpèjúwe asà náà wà ní Yorùbá tí ó péye, kí àwọn akéwì sì kì í bí wọ́n ti ń ki ìlú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ Ìlàrè yóò máa ka òǹkà náà láìṣì í, yóò sì máa gba máàkì lé e lórí. Àmì tí ọmọ onílé kò rí ohùn pè, ó ṣòro kí ó tó gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà.