Àwọn Awayanrìn Etí Ọ̀sà Bàrígà

Ní Puri ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí Sudarsan Pattnaik, agbẹ́-ère oníyanrìn, ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, iyanrìn etí òkun ni wọ́n ń po mọ́ omi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère. Ṣùgbọ́n ní Bàrígà tiwa ní Èkó, níbi tí a ti ń wo Afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990, abẹ́ ọ̀sà gan-an ni àwọn ọkùnrin ti ń wa iyanrìn jáde, bí ẹ bá sì bi mí, àwọn ni n ó kọ́kọ́ ṣí fìlà fún.

Wọn a ta ìgbòkun alábùlẹ̀ sórí ọkọ̀ pákó, wọn a lọ sí ibi tí wọ́n mọ̀, wọn a ri àkàbà mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó kàn a di korobá mú, a sé èémí, a sì sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn níbi tí ojú kò ti wúlò, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ó ń ríran, títí korobá yóò fi kún fún iyanrìn tí awayanrìn náà yóò sì gòkè wá mí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe títí etí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, kí atẹ́gùn (ọ̀gá tí kì í gba owó oṣù) tó gbé wọn padà.

Ní èbúté, àwọn alágbàrù a fi orí ru iyanrìn náà gòkè, wọn a kó o jọ gègèrè. Nígbà tí òkìtì náà ṣì tutù, omi tí ó há sáàárín hóró rẹ̀ ni ó dì í mú, ọmọdé sì lè gbẹ́ ilé sí i lára. Lẹ́yìn náà ni típà yóò kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù.